Bí Mo Ṣe Ń Mú Ọmọ Onírin-Ẹsẹ̀ Àti Màmá Tó Wà Lórí Wíìṣíà Gba Ibi Àyẹ̀wò Pápákọ̀ Àbújá Kọjá

Lugbe ni à ń gbé, lẹ́bàá títì tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Àbújá. Bí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọmọ mi á tẹ ojú mọ́ fèrèsé, á máa kà wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Afẹ́fẹ́ ò dé ọpọlọ rẹ̀ tó nígbà tí mo ń rọbí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì le gbagidi. Irin ẹsẹ̀ ló fi ń dìde dúró, láti abẹ́ orúnkún títí wọ inú bàtà. Màmá mi náà wà lọ́dọ̀ wa. Rọpárọsẹ̀ mú wọn ní apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, àga onítáyà tí gbogbo wa ń pè ní wíìṣíà ló sì ń gbé wọn káàkiri. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún la máa ń wọ bàálù lọ sí Ìbàdàn, torí ibẹ̀ ni àwọn dókítà tó mọ ìtàn ara àwọn méjèèjì wà. Bí a bá ní ká gba ojú títì, láti ibí gba Lọ́kọ́ja, odidi ọjọ́ kan ni. Ara Màmá ò gbà á mọ́.

Ẹkún ọmọ mi ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà àkọ́kọ́ tí a rìnrìn àjò, ní pápákọ̀ kan, mo dákẹ́. Mo rò pé bí mo bá ṣe jẹ́jẹ́, tí n kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, wọ́n á tètè jẹ́ ká kọjá. Ṣòkòtò gígùn ni mo wọ̀ fún ọmọ, kí àwọn ènìyàn má baà máa tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀rọ dún. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní kó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa bàtà náà bí èèyàn ṣe ń fa bàtà ọmọ yòókù. Irin tẹ̀lé bàtà, ọrùn ẹsẹ̀ yí, ọmọ fi igbe ta. Ojú ọkùnrin náà rẹ̀ wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń bẹ̀ mí, ó ń bẹ ọmọ. Kò mọ̀ ni. Èmi tí mo mọ̀ ni mi ò sọ.

Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. Gbogbo ohun tí mo máa kọ sísàlẹ̀ yìí, inú ọ̀rọ̀ yẹn ló ti yọ.

Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ bàálù lọ́jọ́ náà gan-an pé ẹnì kan wà tí kò lè rìn. Bó pẹ́ bó yá, kó má dín ní wákàtí 48 ṣáájú ìrìn. Lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin kan wà tí wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ èrò, ẹ mọ̀ ọ́n sórí. WCHR ni ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn bàálù fúnra rẹ̀ àmọ́ tí kò lè rìn jìnnà. WCHS ni ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ inú bàálù, ó lè rọra rìn dé ìjókòó. WCHC ni ẹni tí wọ́n ní láti gbé dé orí ìjókòó rẹ̀. BLND ni ti ẹni tí kò ríran, DEAF ni ti ẹni tí kò gbọ́ràn. WCHC ni Màmá mi. Lọ́dún kan, ẹni tó gba tẹlifóònù mi kọ WCHR. Nígbà tí a dé ìdí bàálù, àtẹ̀gùn ló dúró dè wá, kò sì sí ẹni tí wọ́n yàn láti gbé wọn. Ìdajì wákàtí la fi dúró nínú oòrùn. Ní báyìí, mo máa ń ní kí wọ́n ka lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí mi létí kí n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ògùn kò gbọdọ̀ bá ẹrù lọ sábẹ́ bàálù. Inú báàgì ọwọ́ ni ibùgbé rẹ̀, nínú páálí tí wọ́n fi tà á, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà tó sọ orúkọ ògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti àìsàn tó wà fún. Ẹni tó bá ń lọ sókè òkun, NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti ògùn olóró, máa yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Àwọn ògùn kan wà, bíi tramadol àti diazepam tí wọ́n máa ń fún àwọn oníwárápá nígbà míì, tó jẹ́ pé láìsí ìwé dókítà, ọ̀rọ̀ á di ti ọlọ́pàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú bàbá tàbí ìyá yín lọ sí Mẹ́kà láti Kánò tàbí Àbújá, ẹ má fi ìwé yìí ṣeré. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́, kí èkejì wà nínú ẹrù.

Àsìkò ọyẹ́ náà ní tirẹ̀. Eruku máa ń bo ojú ọ̀run níbí débi pé bàálù kò ní lè gbéra fún wákàtí mélòó kan, nígbà míì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ mú ògùn ọjọ́ méjì dání, páńpáàsì tó ju iye tí ẹ rò lọ, àti aṣọ ìpààrọ̀ kan fún àgbàlagbà náà.

Mo ní káàdì kan tí mo kọ, tí àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Lugbe fi ike bò fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ló wà ní ojú kan, nítorí òun ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń kà. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ò ju èyí lọ: ọmọ yìí ní irin lẹ́sẹ̀ méjèèjì, kò lè dúró láìsí i, ìyá rẹ̀ ló ń bọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún un kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ti Màmá wà ní ojú kejì: ọwọ́ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́, ẹ má fà á, wọn kò lè dìde, ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu wọn, ẹ ní sùúrù. Bí mi ò bá tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀ nítorí ẹrù tó wà lọ́wọ́ mi, mo lè na káàdì.

Eré tí à ń ṣe nílé

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn, ẹnu ọ̀nà yàrá wa á di pápákọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni òṣìṣẹ́, ó mú ṣíbí ìrokà dání. A ó to abọ́ ike sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ á kó ohun ìṣeré rẹ̀ sínú abọ́, á rí i pé ó ń lọ, á sì rí i pé ó jáde ní òdìkejì. Èyí ṣe pàtàkì fún ọmọdé ju bí àgbà ṣe rò lọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé wọ́n gba nǹkan rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọ inú ihò dúdú kan lọ. Nígbà tó bá ti rí i nílé lẹ́ẹ̀mẹwàá pé ó máa ń jáde padà, kò ní ké mọ́.

Lẹ́yìn náà ni a ó ní kó na apá bíi lékèélékèé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi ìrokà tọ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, á ní “pííìn!” níbi irin. Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ìdún ẹ̀rọ yẹn kò bá a lójijì mọ́ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ eré yìí. Ó ti di ohun tó ń retí.

Mo sì máa ń kọ́ ọ ní gbólóhùn kan tó jẹ́ tirẹ̀: “Ẹ rọra.” Kí ọmọ mọ̀ pé òun ló ni ara òun, pé kì í ṣe àfojúdi bó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà tó wọ aṣọ ìjọba. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ kọ́ ọ ní àmì ọwọ́ kan tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀.

Ní ti aṣọ, ṣòkòtò kúkúrú ni mo ń wọ̀ fún un báyìí. Kí irin hàn gbangba. Ojú tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ mọ́ ọn kò dùn mí tó ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yí lọ́jọ́ yẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, tírà tí bàbá àgbà so mọ́ ọmọ lọ́rùn, oǹdè tó wà lábẹ́ aṣọ, ọwọ́ òṣìṣẹ́ máa kàn án. Ẹ bọ́ èyí tó ṣeé bọ́ sílé. Èyí tí kò ṣeé bọ́, ẹ sọ pé ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bá a níbẹ̀. Lára gèlè àti ìborùn Màmá, mo ti yọ gbogbo píìnì kúrò.

Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà

Ẹni tí kò tíì wọ bàálù rí lè rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń yẹni wò. Ní Àbújá, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ yín wò bí ẹ ṣe ń wọ inú ilé. Ẹ̀yin á wá gba boarding pass, ìyẹn ìwé tí ẹ ó fi wọ bàálù, ẹ ó sì tún gba ibi àyẹ̀wò kejì kọjá kí ẹ tó dé ibi tí èrò ń jókòó dúró de bàálù. Ibi kejì yìí ni wọ́n ti máa ń fara balẹ̀ yẹ èèyàn wò. Nítorí náà, ẹ má bọ́ gbogbo nǹkan sílẹ̀ ní ibi àkọ́kọ́ kí ẹ sì rò pé ó tán. Ẹ jẹ́ kí irin wà lẹ́sẹ̀ ọmọ. Bí ẹ bá ń lọ sókè òkun, tí ẹ ó pààrọ̀ bàálù ní Addis Ababa, Istanbul tàbí Cairo, wọ́n á tún yẹ yín wò níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó ra omi tàbí jùúsì tí ẹ fẹ́ gbé dé ọkọ̀ kejì.

Fún bàálù tó ń lọ láàárín Nàìjíríà, wákàtí méjì àti ààbọ̀ ṣáájú ni mo máa ń dé. Wákàtí méjì ló tó fún ẹlòmíràn, ìdajì wákàtí yòókù ni ti àwọn tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà, torí àwọn ìyá tó lóyún máa ń bi mí ní ilé ìjọsìn. Férémù tí à ń gba àárín rẹ̀ kọjá kì í ṣe X-ray. Agbára òòfà díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí irin bá gba ibẹ̀, á da òòfà náà rú, ohun tó sì ń dún nìyẹn. Kò ní ṣe oyún ní nǹkan, kò ní ṣe ọmọ ọwọ́ ní nǹkan. Ibi tí báàgì ń wọ̀ ni X-ray wà, ìdí sì nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ gbé ọmọ tó sùn sínú àga ọmọ kalẹ̀ sórí rọ́bà tó ń yí níbẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé ọmọ, kí àga dá lọ.

Ẹni tó ní pacemaker láyà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ọkàn lù déédéé, ni kó ṣọ́ra. Kó sọ ọ́, kó fi káàdì dókítà hàn, kó rin gba férémù kọjá láìdúró níbẹ̀, kó sì ní kí wọ́n má gbé ọ̀pá kékeré tó ń wá irin dúró sórí àyà òun. Ó lè béèrè pé ọwọ́ ni kí wọ́n fi yẹ òun wò.

Ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọmọ mi yìí wà lọ́mọ ọwọ́, mo máa ń pọ̀n ọ́n dé iwájú òṣìṣẹ́. Wọ́n á ní kí n sọ ọ́, màá máa tú ọ̀já nígbà tí èrò ń tì mí láti ẹ̀yìn. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ tú ọ̀já nígbà tí èèyàn márùn-ún ṣì wà níwájú yín. Ẹ ká ọ̀já, ẹ jù ú sínú abọ́ ike, ẹ gbé ọmọ sí àyà, kí ẹ sì bá a gba férémù kọjá. Bó bá dún, ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n máa yẹ̀ wò, láì gba ọmọ lọ́wọ́ yín. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ gbé ọmọ fún òun, ẹ lè sọ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ máa gbé e dání, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò báyẹn. Kẹ̀kẹ́ ọmọ, ẹ ká a pọ̀. Ẹ tú àpò ìsàlẹ̀ rẹ̀ nílé, torí ibẹ̀ ni àwa ìyá máa ń gbàgbé ọ̀bẹ tí a fi bó ọsàn sí.

Oúnjẹ ọmọ: lójú ọ̀nà òkè òkun, ohun olómi tó wà nínú ìgò kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yọ wàrà ọmú, mílíìkì ọmọ àti ògùn sílẹ̀ nínú òfin yẹn. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú báàgì fúnra yín, ẹ sọ pé “oúnjẹ ọmọ nìyí.” Ògì inú fúláàsìkì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí fúláàsìkì onírin ò jẹ́ kí wọ́n rí inú rẹ̀. Mo ti ń da tèmi sínú ìgò tó mọ́ gaara.

Ẹ̀yin tí inú ń bí nítorí pé wọ́n tẹ ìdí ọmọ wò níbi páńpáàsì, mo mọ̀ bó ṣe rí lára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2009, tí ọmọ Nàìjíríà kan gbé ohun abúgbàù tó fi pamọ́ sínú pátá wọ bàálù tó ń lọ sí Detroit. Nǹkan tí kì í ṣe irin, férémù ò lè dún fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọwọ́ yẹni wò. Ẹ gbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kàn béèrè pé kí obìnrin ṣe é, kí ó sì ṣe é lójú yín. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ tú páńpáàsì, ẹ̀yin ni kí ẹ tú u, nínú yàrá, kì í ṣe lójú èrò.

Níbi irin ẹsẹ̀

Bó bá ku èèyàn mẹ́ta ká kàn án, mo ti ń wo orúkọ tó wà láyà òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ ará òkè ọya, “Sannu da aiki” ni màá kọ́kọ́ sọ, ojú rẹ̀ á sì tú ká. Bó bá jẹ́ Yorùbá, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Lẹ́yìn ìkíni ni gbólóhùn mi: “Ọmọ mi rèé. Irin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó máa dún. Kò lè dúró láìsí i. Èmi ni màá dì í mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.” Mo máa ń sọ ọ́ tán kí ọmọ tó gbé ẹsẹ̀ wọ férémù. Bó bá ti dún tán, etí òṣìṣẹ́ ti wà níbi ìdún, kò sí níbi ọ̀rọ̀ mi mọ́.

Màá wá dì í mú ní abíyá láti ẹ̀yìn, a ó jọ kọjá. Ó dún. Gbogbo wa ti mọ̀ pé ó máa dún. Òṣìṣẹ́ á gbé ọ̀pá rẹ̀ tọ ara ọmọ láti òkè wálẹ̀, á dé ibi irin, á tún dún. Ibí yìí ni ọ̀nà pín sí méjì.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn á fọwọ́ tẹ irin náà wò yíká, wọ́n á sì fi ègé aṣọ pélébé kan nù ún. Wọ́n á ki aṣọ yẹn bọ ẹ̀rọ kan tó ń wá ipa ohun abúgbàù. Kò dun ọmọ, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má fi ìpara tó ní glycerin pa ọwọ́ yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ má fi pa ọmọ lára, torí ó lè mú kí ẹ̀rọ yẹn pariwo lásán. Ajílẹ̀ oníkẹ́míkà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò wa kan tó ń dáko ní Gwagwalada, táyà wíìṣíà rẹ̀ ti gba inú ajílẹ̀ kọjá, wọ́n dá a dúró pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé kò sí nǹkan kan. Ó ti ń fi ọṣẹ fọ táyà rẹ̀ báyìí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Àwọn kan á ní kí ẹ bọ́ irin náà kó lọ sínú X-ray. Bí dókítà yín bá ní ó ṣeé bọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ béèrè àga kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bọ́ ọ lórí ìdúró. Ẹ gbé ọmọ jókòó, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tú okùn rẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀, kí gìgísẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tẹ ilẹ̀ lásán. Bí kò bá sì ṣeé bọ́, ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yín: “Kò ṣeé bọ́. Ẹ fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò níbi tó wà.” Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, láìpariwo. Bí òṣìṣẹ́ náà kò bá gbọ́, ẹ ní kó pe ọ̀gá rẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá méjèèjì ló sì gbọ́ mi yé.

“A hankali, don Allah” ni “ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́” lédè Haúsá. Ọmọ mi náà ti mọ̀ ọ́n sọ.

Bí ìrìn yín bá dé Amẹ́ríkà, láti oṣù Keje ọdún 2025, wọn kì í sábà ní kí èrò bọ́ bàtà níbi àyẹ̀wò wọn mọ́, yálà ọmọdé tàbí àgbà, wọn kì í sì í ya ọmọ nípá kúrò lọ́dọ̀ òbí. TSA, àjọ tó ń yẹ èrò wò níbẹ̀, ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní TSA Cares tí ẹ lè fi ọ̀rọ̀ yín létí ní wákàtí 72 ṣáájú, kí ẹnì kan lè dúró dè yín.

Níbi wíìṣíà Màmá

Màmá kì í gba férémù kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ á tì wọ́n gba ẹ̀gbẹ́, obìnrin kan á sì wá fi ọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò lórí ìjókòó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá yàrá kan wà tó ní ìbòjú, ní pàtàkì bí gèlè tàbí híjáàbù bá máa kúrò lórí. Màmá ò jẹ́ ṣí orí níta, ẹ̀tọ́ wọn sì ni kí a bò wọ́n láṣìírí. Mo máa ń bá wọn wọlé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé òṣìṣẹ́ máa ń bi èmi ní ìbéèrè tó yẹ kó bi Màmá. “Ṣé ó lè gbé apá?” Màmá ń gbọ́. Rọpárọsẹ̀ ò mú etí wọn, kò mú ọgbọ́n wọn. Ohun tí mo ń ṣe ni pé màá yíjú sí Màmá, màá ní “Mọ̀mí, wọ́n ní ṣé ẹ lè gbé apá?” màá sì dúró. Ìdáhùn lè pẹ́. Màá dúró síbẹ̀síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ á kọjú sí wọn.

Ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á sókè. Èjìká ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lè yẹ̀ pẹ̀lú ìfà kékeré. Ẹ sọ apá tó jẹ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín tì í lábẹ́ nígbà tí wọ́n ń yẹ abíyá wò. Bí wọ́n bá fẹ́ wo ìdí ìjókòó, ẹ béèrè pé kí Màmá fara ti apá kan, kí wọ́n wo apá kejì, dípò kí wọ́n gbé wọn dìde pátápátá. Bí àpò ìtọ̀ bá wà lára ẹni yín, ẹ sọ ọ́ sí òṣìṣẹ́ obìnrin náà létí ṣáájú, kí ọwọ́ má baà lọ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ tú àpò ẹ̀yìn wíìṣíà àti àpò abẹ́ ìjókòó. Spánà tí a fi ń mú táyà le wà nínú tiwa, wọ́n gbà á. Inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ẹni tí wíìṣíà tirẹ̀ jẹ́ oníbátìrì, kó wo iye Wh (watt-hour, ìwọ̀n agbára bátìrì) tí wọ́n kọ sára bátìrì kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: bátìrì lithium tó ṣeé yọ kò gbọdọ̀ ju 300Wh lọ, tàbí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 160Wh, ọwọ́ ni èèyàn sì máa gbé e wọ inú bàálù. Power bank náà, ọwọ́ ni, kò gbọdọ̀ lọ sábẹ́.

Àwọn tí tiwọn ò hàn lójú

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ́tísìmù. Ariwo pápákọ̀ ń gún un létí, kò sì fẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kàn án. Ìyá rẹ̀ máa ń béèrè fún ìlà tó kúrú, á fi nǹkan bo etí rẹ̀, á sì ní kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ fi ọ̀pá yẹ ìyá wò lójú ọmọ. Àwọn kan ń lo okùn ọrùn aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó sunflower láti fi hàn pé àwọn ní ìpèníjà tí kò hàn lójú, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ Gatwick ní ìlú òyìnbó ní ọdún 2016. Lọ́hùn-ún, wọ́n mọ ohun tó túmọ̀ sí. Níbí, ẹ fi ẹnu tì í lẹ́yìn.

Ẹni tí kò gbọ́ràn, kò pọn dandan kó yọ ẹ̀rọ etí rẹ̀. Kó na káàdì kí òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti ẹ̀yìn. Ẹni tí kò ríran, ọ̀pá rẹ̀ lè gba X-ray kọjá, àmọ́ kí òṣìṣẹ́ fún un ní igbọ̀nwọ́ dì mú títí ọ̀pá á fi padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Òfin wà. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Ó sọ pé níbi tí èrò bá tò sí, àwọn ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn, kí ó sì jẹ́ láìní kí wọ́n tò sórí ìlà bó bá ṣeé ṣe. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ bàálù ní wíìṣíà tó dára tó sì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wọ bàálù àti láti sọ̀ kalẹ̀, kí àwọn sì kọ́kọ́ wọlé. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọjá síwájú ìlà, ẹ má tẹ orí ba bí ẹni tó jí nǹkan.

Bí wọ́n bá ṣe yín níbi, ẹ kọ aago àti orúkọ tó wà láyà aṣọ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Àyẹ̀wò jẹ́ iṣẹ́ FAAN, àjọ tó ń bójú tó pápákọ̀, wíìṣíà àti gbígbé wọ bàálù jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ bàálù, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú, sì ní àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara, NCPWD, Àbújá níbí ni oríkò rẹ̀ wà. Ẹ kọ̀wé, ẹ má fi ẹnu nìkan sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ

Ẹ má sáré. Ẹ wá ìjókòó. Mo máa ń ka nǹkan wa: abọ́ ike mẹ́rin ló wọlé, mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ jáde. Bí mo bá bọ́ irin ọmọ, màá kọ́kọ́ na ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kó má ní ìkápọ̀ kankan, torí ìkápọ̀ kékeré lábẹ́ irin á ti di egbò kí a tó dé Ìbàdàn. Gìgísẹ̀ ni màá kọ́kọ́ tì wọlé, lẹ́yìn náà okùn ọrùn ẹsẹ̀, okùn òkè á gbẹ̀yìn. Màá wo èjìká Màmá, màá bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n. Màá tún gèlè wọn wé. Màá so ìwé tó ní nọ́ńbà fóònù mi mọ́ wíìṣíà wọn, màá sì sọ fún òṣìṣẹ́ bàálù pé ẹnu ọ̀nà bàálù ni kí wọ́n gbé e wá pàdé wa ní Ìbàdàn, kì í ṣe ibi tí ẹrù ń jáde.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tán, tí àkókò bá ṣì wà, màá gbé ọmọ lọ sí ìdí gíláàsì ńlá tó kọjú sí pápá, á tẹ ojú mọ́ ọn, á sì máa ka bàálù títí wọ́n á fi pè wá.